Ti Igi Wo?

Kí ìyá ẹlẹ́mu tó bu ohunkóhun fún mi ní Vai Town, ó kọ́kọ́ bi mí pé ti igi wo ni mo fẹ́. Kò tíì dárúkọ owó, kò sì bi mí bóyá púpọ̀ ni tàbí díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló gbé kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀, ó fi aṣọ tútù bo àwọn méjèèjì lórí. Ó ní ẹmu ọ̀pẹ ló wà nínú ọ̀kan. Èkejì, ó ní bamboo wine ni. Ẹni tó bá gbọ́ bamboo níbẹ̀ tó lọ ń ronú kan ọparun ti ṣìnà. Ògùrọ̀ ni àwọn ará Làìbéríà ń pè bẹ́ẹ̀, igi kan náà tí ọmọ Ìkálẹ̀ àti ọmọ Ìlàjẹ mọ̀ bí ẹní mowó.

"Ol' Ma, ẹ bu díẹ̀díẹ̀ fún mi nínú méjèèjì," mo wí. Ol' Ma ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbẹ̀; ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni.

"Ọ̀kan á ṣáájú," ó fèsì. "Fi omi yọ ẹnu kí o tó mu èkejì."

Mo ti ka ìwé àwọn Faransé tó ń fi ọtí wáìnì títọ́wò ṣe iṣẹ́ jẹun. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gba èèyàn nídìí ìgò olówó gọbọi kò ju ìyẹn lọ.

Ẹsẹ̀ afárá ni Vai Town wà. Bí o bá ti àárín Monrovia sọdá odò Mesurado sí Bushrod Island, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ yóò kọ́kọ́ tẹ̀. Ariwo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà sì ni àwọn gan-an ń pè é. Àwọn Vai tó ni orúkọ àdúgbò yìí ni ìran tí Momolu Duwalu Bukele ti jáde, ọkùnrin tó ṣe ìlànà ìkọ̀wé tiwọn fún èdè wọn ní nǹkan bí ọdún 1833. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kì í fẹnu kan ọtí. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé abẹ́ orúkọ irú ìran bẹ́ẹ̀ ni mo ti wá ń mu ẹmu. Ṣùgbọ́n kí ni àwa náà fẹ́ sọ? Ẹmu ló sun Ọbàtálá lọ lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n rán an wá dá ilé ayé, títí dòní ni àwọn olùsìn rẹ̀ sì ń fi í ṣe èèwọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pẹ kò tìtorí ìyẹn dín lóko wa.

Ti ọ̀pẹ ni mo kọ́kọ́ mu. Ó funfun bí omi ògì, ó kún ẹnu, ó ń ta ahọ́n wínníwínní bí ẹni pé nǹkan ń jí nínú rẹ̀. Mo yọ ẹnu. Ti ògùrọ̀ fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, adùn rẹ̀ kì í kéde ara rẹ̀, ìgbà tí mo gbé e mì tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó dùn. Bí wọ́n bá dì mí lójú, n óò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, n kì í sì í ṣe ọ̀mu ńlá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igi nìkan ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Ọwọ́ ẹnì kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú ẹnu mi.

Èdè wa ti kó iṣẹ́ adẹ́mu jọ sínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ohùn nìkan yà sọ́tọ̀. Igbà ni okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ. Ìgbà ni àkókò. Igbá ni à ń bu ẹmu sí. Ẹni tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ kò tún ní ẹmu láti tà.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí igbà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹ̀mí so mọ́ ọn. Bàbá kan wà lẹ́bàá Òkìtìpupa tí mo máa ń jí lọ wò lẹ́nu iṣẹ́. Kò ní kọ́ igbà sídìí láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, díẹ̀díẹ̀, bí obìnrin tó ń wá kókó lára òwú. Yóò gbé e sún mọ́ etí. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń gbọ́?" Ó ní, "Igbà tó bá fẹ́ já a máa sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ nílẹ̀ yóò gbọ́ ọ lókè." Lẹ́yìn náà ló máa gbé e yí ara ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn ara rẹ̀ ká, yóò sì fẹ̀yìn tì í bí ẹni jókòó sórí àga. Ibi tó ti ń ya aláìmọ̀ lẹ́nu nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà, tó dì mọ́ igi, òun ni yóò yọ̀ bọ́. Ẹni tó bá fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé igbà lọ́wọ́, tó jìnnà sí igi, ni igi máa ń dì mú. Ó ju igbà sókè, ó gbé ẹsẹ̀, ó tún ju igbà sókè. Kí n tó ka ogún, ó ti wọ àárín imọ̀.

Nínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tútùọlá gbé jáde ní 1952, adẹ́mu já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú, ikú rẹ̀ ló sì gbé ọ̀gá rẹ̀ dìde tó fi wá a dé ìlú àwọn òkú. Ọ̀mu ni gbogbo ayé ń rántí. Èmi, adẹ́mu ni mo máa ń rò.

Lókè, ọwọ́ bàbá Òkìtìpupa yẹn kì í kánjú mọ́. Ó ti mọ ìdì òdòdó akọ tó fẹ́, èyí tí èèpo rẹ̀ kò tíì là. Ó gé imọ̀ tó dí i lọ́nà kúrò, ó ṣí èèpo náà, ó gé orí òdòdó, ó fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ọ̀nà fún omi rẹ̀, ó sì so akèrègbè mọ́ ọn. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà wà nínú pé ó gbọ́dọ̀ padà gun igi yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, kó tún ojú ọgbẹ́ náà gé. Bí kò bá gé e, ojú ọgbẹ́ á dì, omi á dúró. Bí ó bá gé e nípọn jù, òdòdó tó yẹ kó fún un ní ẹmu fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ yóò tán láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó ń bẹ́ kúrò kò nípọn ju awọ àlùbọ́sà lọ. Mo ti gbé ọ̀kan nínú rẹ̀ sójú oòrùn rí, mo rí ìka mi láti òdìkejì.

Kì í wo ojú ọgbẹ́ náà pẹ́. Àtàǹpàkò ló fi ń kà á. Bí ó bá gé e tán, yóò fi àtàǹpàkò gbá ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò dúró de ẹ̀kán àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta. Bí ẹ̀kán kẹta bá pẹ́, ó tún bẹ́ díẹ̀ sí i. Ọ̀bẹ rẹ̀ mú débi pé kì í fi kan nǹkan mìíràn, kì í fi gé àgbàdo, kì í fi ṣán okùn pàápàá. Ó ní ọ̀bẹ tó kújú kì í gé ọ̀pẹ, ńṣe ló ń fọ́ ọ, igi tí wọ́n bá sì fọ́ lẹ́nu kò ní sunkún, yóò kàn wú ni. Mo bi í léèrè bí ó ṣe pẹ́ tó kó tó mọ bí ó ṣe yẹ kí gígé náà fẹ́lẹ́ tó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ṣì ń kọ́ ọ.

Ti ògùrọ̀ tún le. Inú irà ni igi náà fẹ́ràn, kì í ga bí ọ̀pẹ, àkàbà kúkúrú ló sábà máa ń tó adẹ́mu láti gùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ògùrọ̀ máa ń tanná láyé rẹ̀. Ó ń dàgbà láti ọdún dé ọdún, ó ń kó oúnjẹ pamọ́ sínú ara, gbogbo rẹ̀ ló sì máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà fún òdòdó àti èso, lẹ́yìn náà á kú. Ẹmu tí à ń mu níbẹ̀ ni ogún tí igi ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ fún ọmọ. Nítorí náà adẹ́mu gbọ́dọ̀ mọ ọ̀sẹ̀ tí igi ń gbèrò àtitanná, kó tó tanná. Àmì kan wà: àwọn imọ̀ tó ń yọ ní orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ẹni tó bá kánjú gé e kò ní rí nǹkan gbà, igi á sì bàjẹ́. Ẹni tó bá pẹ́, èso ti gba ti ẹ̀. Ọ̀pẹ máa ń dárí ji adẹ́mu, òdòdó mìíràn á tún yọ. Ògùrọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń wó ọ̀pẹ lulẹ̀ kí wọ́n tó gba ẹmu rẹ̀ wà pẹ̀lú. Ní Gánà, ó wọ́pọ̀. Wọ́n á wó o, wọ́n á jẹ́ kó sùn nílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á lu ihò sí ọ̀gọ̀mọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì fi iná ra ojú ihò náà kí omi lè máa sun. N kò ní purọ́, ẹmu rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ lásán ló gbà. Ẹni tó fi igi sílẹ̀ lóòró tó sì mú un sunkún fún oṣù kan ni mo máa ń bọ́ fìlà fún.

Ìbéèrè Ol' Ma yìí, ti igi wo, kì í ṣe ti Áfíríkà nìkan. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, wọn kì í gbin irú èso àjàrà tí gbogbo ayé mọ̀ nìkan. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní Madiran, Tannat ni, èso dúdú tí wáìnì rẹ̀ ń fún ẹnu pọ̀ bí orógbó. Ní Fronton lẹ́bàá Toulouse, Négrette ni. Ní Cahors létí odò Lot, Malbec ni, tí àwọn kan ń pè ní Côt. Ní Jurançon, wọ́n á fi Petit Manseng sílẹ̀ lórí igi títí di oṣù kọkànlá, kí oòrùn àti atẹ́gùn lè fa omi inú rẹ̀ gbẹ kí adùn nìkan kù. Ìtàn wọn sọ pé nígbà tí wọ́n bí Henri Kẹrin ní ìlú Pau ní 1553, ẹni tó padà wá jẹ ọba Faransé, áyù àti wáìnì Jurançon ni wọ́n fi kan ètè rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó níbi ìsọmọlórúkọ wa rí, tó rí oyin, iyọ̀ àti ataare nínú àwo, kò ní bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ sí wa ni pé wọ́n kọ ọ́ sínú òfin. Láti 1935 ni ìjọba wọn ti dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń pààlà ilẹ̀, tó ń sọ irú igi tó gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ náà àti ìwọ̀n wáìnì tí wọ́n lè rí lórí rẹ̀, kí wọ́n tó lè kọ orúkọ ìlú sára ìgò. Jurançon gba tirẹ̀ ní 1936, Madiran ní 1948. Òtútù oṣù kejì 1956 pa ọ̀pọ̀ igi àjàrà Cahors, wọ́n tún un gbìn, ìgbà tó di 1971 ni wọ́n tó gba ìwé tiwọn. Orúkọ ilẹ̀ ló ṣáájú níbẹ̀, orúkọ igi wà lábẹ́ rẹ̀. Igi kan náà tilẹ̀ lè ní orúkọ mẹ́ta: Fer Servadou ń jẹ́ Braucol ní Gaillac, ó ń jẹ́ Mansois ní Marcillac, ó ń jẹ́ Pinenc ní Madiran, bí ògùrọ̀ ṣe di bamboo nígbà tó dé Monrovia. Kò sí ẹni tó fún adẹ́mu Òkìtìpupa ní ìwé kankan. Ahọ́n oníbàárà rẹ̀ ni òfin tirẹ̀, òfin náà sì le: bí ẹmu rẹ̀ bá já wọn kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á kọjá lọ sídìí igi ẹlòmíràn.

Àwọn àgbẹ̀ àjàrà yẹn ti jìyà ọ̀nà. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, Bordeaux tó wà ní ẹnu odò kò gbà kí wáìnì àwọn ará òkè odò wọ èbúté òun ṣáájú ọjọ́ tí òun dá, kí tirẹ̀ lè kọ́kọ́ tà. Turgot, mínísítà ọba, ló fòpin sí i ní 1776. Mo káàánú wọn. Ṣùgbọ́n wáìnì Cahors lè dúró nínú àgbá de ọjọ́ tí Bordeaux dá, ó tilẹ̀ lè dára sí i. Bí wọ́n bá dá ọkọ̀ ẹmu dúró lójú ọ̀nà fún wákàtí mẹ́ta, ọtí mìíràn ni wọn yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ́jà.

Ìgbà ló wọlé yẹn. Omi tó ń kán láti ara ọ̀pẹ kì í ṣe ọtí. Omi adùn ni, ṣúgà inú rẹ̀ máa ń tó bí ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà wà nínú atẹ́gùn, ó wà lára igi, ó wà lára ọ̀bẹ, pàápàá jù lọ ó wà nínú akèrègbè tí adẹ́mu mọ̀ọ́mọ̀ ń fi sílẹ̀ láì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kí ti àná lè jí tòní. Láàrin wákàtí méjì, ọtí inú ẹmu lè tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ ìwé ìwádìí lórí bí ẹmu ṣe ń hó ní 1962, òun àti àwọn tó tẹ̀lé e sì fi hàn pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ìwúkàrà nìkan, oríṣi kòkòrò tí ojú kò rí ló ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn tó ń sọ ṣúgà di ọtí ló ń ṣáájú, àwọn tó ń sọ ọtí di ọtí kíkan ń bọ̀ lẹ́yìn, atẹ́gùn ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìkẹyìn yìí. Ní Madiran, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Patrick Ducournau wá ọ̀nà láti máa fẹ́ atẹ́gùn kín-ín-kín-ín sínú wáìnì Tannat kó lè rọ̀ lẹ́nu. Àwọn ń wá atẹ́gùn. Adẹ́mu ń sá fún un.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹmu wa fi kún fún wákàtí. Ti àárọ̀ wà, tó dùn, tí aláboyún àti ọmọdé pàápàá ń mu. Ti ọ̀sán wà, tí ó ti ń hó. Ti alẹ́ wà, tó ti kan, tí àwọn àgbà ń fẹ́ nítorí pé ó ń mú wọn lójú. Ti àná wà, tí à ń fún aládùúgbò tí a kò fẹ́ràn. Àwọn Faransé ń ka ọdún. Àwa ń ka oòrùn. Adẹ́mu tó bá mọṣẹ́ ti mọ ẹni tó ń mu èwo kó tó gun igi, ó sì mọ igi tó máa kọ́kọ́ gùn àti èyí tó máa gùn kẹ́yìn kí ti oníkálukú lè bá a nígbà tó fẹ́ ẹ.

Wọ́n ti gbìyànjú láti dá ìgbà dúró. Láti etíkun Sàró títí dé ìlà-oòrùn Nàìjíríà, àwọn adẹ́mu kan máa ń sọ èèpo igi kíkorò kan sínú ẹmu, igi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sacoglottis gabonensis, kí kíkan rẹ̀ lè falẹ̀. Èyí bọ́gbọ́n mu, ìkorò rẹ̀ tilẹ̀ ń bá adùn jà dáadáa. Àjọ NIFOR tó wà lẹ́bàá ìlú Benin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939 fún ìwádìí ọ̀pẹ, rọ ẹmu sínú ìgò, wọ́n fi ooru pa ohun tó ń hó nínú rẹ̀. Mo ti mu ún. Ó mọ́, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì dà bí àwòrán ẹni tí mo mọ̀. Ó ṣì sàn ju ti àwọn tó ń da omi àti ṣúgà oníkẹ́míkà lu ẹmu kí wọ́n lè sọ agbè kan di mẹ́ta. Irú àwọn yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá rò pé ẹmu kì í ju omi ṣúgà tó rú lọ.

Mo fẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ orin. Bushrod Island tí Vai Town wà yìí kan náà ni New Kru Town wà. Àwọn Kru, atukọ̀ etíkun Làìbéríà, ló gbé ọ̀nà títa gìtá kan kiri nínú ọkọ̀ òkun, ó bọ́ sí ilé ẹlẹ́mu ní Freetown àti ní Èkó, orin náà sì gba orúkọ ẹmu. Ó wà lára ohun tí Túndé King àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá nílẹ̀ nígbà tí jùjú ń bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1930. Adẹ́mu náà ló ń fún orin yẹn lágbára, kò sì sí orúkọ rẹ̀ lára rẹ́kọ́ọ̀dù kankan.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo tún sọdá afárá padà sọ́dọ̀ Ol' Ma. Oòrùn ti ń wọ odò. Àwọn bàbá mẹ́ta ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn kò sọ̀rọ̀, kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń wò. Mo tọ́ka sí ti ọ̀pẹ, mo ní kó bu ti àárọ̀ yẹn fún mi.

"Ti àárọ̀ ti tán," ó wí. "Èyí tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí o mu." Ó bu ún fún àwọn bàbá náà. Ọ̀kan nínú wọn mu ún, ó di ojú, ó mi orí díẹ̀díẹ̀.

Mo ní kó bu ti ògùrọ̀ nígbà náà. Ó ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì kejì, kò bu nǹkan kan. Ó tẹ̀ sílẹ̀, ó gbé etí lé ẹnu rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀ láàrin gbogbo ariwo kẹ̀kẹ́ yẹn.

"Ó ku díẹ̀," ó wí. "Jókòó."